Olúfẹlá Ṣówándé: Ẹni tí ó Kọ́kọ́ Gbọ́ Kí ó Tó Sọ̀rọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Fẹlá ní orílẹ̀-èdè yìí lónìí, ọ̀dọ̀ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n Fẹlá kan ti wà ṣáájú rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tí òun náà ti ìdílé àlùfáà wá, tí orin rẹ̀ sì ti dún ní London kí wọ́n tó gbọ́ ti èkejì rárá. Ní ọdún tí ó kọjá, mo bẹ ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ wa wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, mo sì bi wọ́n bí ẹnìkan nínú wọn bá mọ Fẹlá Ṣówándé. Ọmọdékùnrin kan gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́nu bí ẹni ń fọn fèrè, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àyájọ́ yìí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan tí àwọn ọmọ wa lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára rẹ̀, n kò wá ẹni náà jìnnà.

A bí Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé ní ọdún 1905. Emmanuel Ṣówándé ni orúkọ bàbá rẹ̀, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́. Àwọn tí ó mọ ìtàn orin nínú ìjọ wa kì í gbàgbé bàbá yìí, nítorí ó wà lára àwọn díẹ̀ tí ó tètè rí i pé ó yẹ kí a máa fi orin tí ó bá èdè wa mu yin Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí ọmọ náà wá ṣe. Nígbà tí ìhìnrere kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Tiwa ní i. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọrin nípa ọkọ̀ tí ń gbé ni gúnlẹ̀ lè máa kọrin nípa ọkọ́ tí a fi ń ro oko, kò sì ní mọ̀. Àwọn baba wa fi tọkàntọkàn kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run gbọ́ wọn, nítorí ọkàn ni Ó ń wò. Ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní ìwé orin lọ́wọ́, kò lè mọ ohun tí a ń sọ.

Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ ní Èkó ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù àgbà ti Cathedral Church of Christ ní Marina. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọdún 1914 títí di 1962, ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1953. Nígbà tí ìdílé Ṣówándé kó lọ sí Èkó, abẹ́ olùkọ́ yìí ni Fẹlá kékeré bọ́ sí. Ó di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ó kọ́ bí a ti ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ orin Bach, ó sì gbọ́ orin Yorùbá tí ọ̀gá rẹ̀ kọ. Ó ka ìwé ní CMS Grammar School àti ní King's College. Nígbà tí ó gòkè àgbà díẹ̀, ó di igbákejì Phillips nídìí dùùrù.

Kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Orin jáàsì láti Amẹ́ríkà ti ń wọ Èkó nígbà náà, nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àti lórí afẹ́fẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré ijó tẹ piánò. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí àwọn ará ìjọ ìgbà náà yóò máa rò nípa ọmọ àlùfáà tí ń ṣe irú èyí.

Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe afárá àti òpópónà. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọmọ dé ọ̀hún, orin tí ó fi ń wá owó oúnjẹ ni ó gba gbogbo ọkàn rẹ̀, ó sì pa ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tì. Ní 1936, òun ni ó tẹ piánò nínú iṣẹ́ Gershwin tí a ń pè ní Rhapsody in Blue. Ó bá Adelaide Hall, gbajúmọ̀ obìnrin olórin adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní ilé ijó, ó sì tẹ dùùrù fún un nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí ẹnìkan bá kọ̀wé sílé ní ọdún náà pé ọmọ Àlùfáà Ṣówándé ń tẹ dùùrù ní ilé ijó òru ní London, a ó ti sọ pé ọmọ náà ti sọnù.

Ṣùgbọ́n kò sọnù. Ó ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀sán. Ó kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá bí George Cunningham, ó sì kọ́ bí a ti ń ṣètò orin lọ́dọ̀ Edmund Rubbra. Ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ó di Fellow of the Royal College of Organists, ìwé ẹ̀rí tí ó ga jùlọ fún atẹdùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Ó gba oyè ìmọ̀ nínú orin ní Yunifásítì London pẹ̀lú. Láti 1945 títí di 1952, òun ni atẹdùùrù àti olùdarí akọrin fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall, ní àárín gbùngbùn London. Ọmọ tí a rò pé ó ti bá ayé lọ ni ó ń darí ìsìn àwọn aláwọ̀ funfun ní olú-ìlú wọn.

London náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò. Ó jẹ́ olùdámọ̀ràn nípa orin fún Colonial Film Unit, ó sì ń ṣe ètò orin lórí BBC fún àwọn olùgbọ́ ní Áfíríkà. Ní 1944, ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn, nínú èyí tí ó ti lo ohùn orin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Akinlà ni orúkọ apá ìkẹyìn rẹ̀. Orin yìí ni rédíò ìjọba Kánádà fi ń ṣí ètò kan tí Clyde Gilmour ṣe láti 1956 títí di 1997. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn ará Kánádà ń gbọ́ orin ọmọ Ẹ̀gbá nínú ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí a padà sí Èkó, kí a sì wo irú rédíò tí ó wà níbẹ̀. Ní 1932, BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1935, ìjọba ṣètò okùn wáyà káàkiri ìlú Èkó, a sì ń fi wáyà náà gbé ohùn lọ sínú àpótí kékeré lára ògiri ilé àwọn tí ó lè sanwó rẹ̀. Rediffusion ni wọ́n ń pè é. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ilé bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. A kò lè yí i sí ibòmíràn, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni a ó gbọ́. Àwọn baba wa wo ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ náà bá a mu ju bí wọ́n ti rò lọ. London ń sọ̀rọ̀, Èkó ń gbọ́. Ìròyìn London, orin London, agogo London. Kò sí ẹni tí ń béèrè ohun tí àwa ní láti sọ.

Ní 1951, a dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀. Ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà ni Ṣówándé fi London sílẹ̀, tí ó padà wá sí Èkó láti di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà. Ọkùnrin tí ó ní irú ìwé ẹ̀rí tí ó ní ì bá jókòó sí ọ́fíìsì, kí ó máa fi rẹ́kọ́ọ̀dù Bach àti Handel kọ́ àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́, a kì bá sì bá a wí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáde lọ gbọ́. Ó wá àwọn onílù, àwọn akéwì, àwọn ìyá àgbà tí ó mọ orin àtijọ́ àti àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì fi ohun tí ó kó jọ ṣe ètò lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, nípa orin, ìtàn àti àṣà Yorùbá. Àwọn tí ó ni ìmọ̀ náà fúnra wọn ni ó pè wá sórí afẹ́fẹ́.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àgbẹ̀ tí ó jókòó sídìí àpótí yẹn fún ọdún púpọ̀, tí ń gbọ́ ohun tí kò yé e, wá gbọ́ ohùn ìlù tí ó mọ̀, ó gbọ́ orin tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ní ọjọ́ náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ gba èsì. Lójú tèmi, èyí ju gbogbo oyè Ṣówándé lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ìlú Èkó láti ìgbà náà wá, tí ohùn wọn dùn ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé ó mọ̀ pé iṣẹ́ olùgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Etí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Sámúẹ́lì ọmọdé inú tẹ́ńpìlì náà gbọ́ kí ó tó di ẹni tí gbogbo Ísírẹ́lì ń gbọ́rọ̀ rẹ̀.

N kò gbọ́dọ̀ fo ibi tí ó le nínú ìtàn yìí. Lára àwọn tí Ṣówándé pè wá sórí afẹ́fẹ́ ni àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Nígbà tí ó sì fi rédíò sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí náà, ó sì kọ̀wé lórí Ifá. Ọmọ àlùfáà, atẹdùùrù ìjọ Ọlọ́run, ni ó jókòó ti babaláwo tí ó ń kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ náà yóò kọ lóminú. Ó kọ èmi náà lóminú nígbà kan.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́mínárì, wọ́n rán mi lọ sí ìjọ kékeré kan ní ìgbèríko. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, àyàn ni, ìdílé onílù ni wọ́n ti bí i. Ó ti gba Jésù gbọ́ láti ọdún púpọ̀. Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́, ó wá bá mi, ó bọ fìlà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi dùndún òun yin Ọlọ́run ní ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé ìlù tí a ti fi kí òrìṣà rí kò lè wọ ilé Ọlọ́run. Kò bá mi jiyàn. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ní ọjọ́ ìkórè, ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì ń lu itan náà jẹ́jẹ́ bí a ti ń kọrin. Wọ́n gbé mi kúrò ní ìjọ náà, bàbá náà sì kú kí òye tó yé mi.

Nínú àwọn iṣẹ́ tí Ṣówándé kọ fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀yígíyigì wà, Ọbangíjì wà, Jésù Olùgbàlà sì wà. Ohùn orin ilẹ̀ wa ni ó wà nínú wọn, a sì lè tẹ̀ wọ́n nínú ìsìn láìsí ìtìjú. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Ọ̀yígíyigì lórí dùùrù ńlá, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ hàn sí mi ketekete, bí ẹni pé ẹnìkan ń pe Ọba tí ó tóbi, tí kò ṣeé ṣí nípò. Mo rántí ìka bàbá náà lórí itan rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ìlù ni mo lé jáde ní ọdún náà; ènìyàn Ọlọ́run kan ni mo dí lẹ́nu.

N kò sọ pé kí a da ìgbàgbọ́ wa pọ̀ mọ́ ohun mìíràn. Ẹ̀sìn mi yé mi, mo sì ti wàásù rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ènìyàn gbọ́ ohun tí baba rẹ̀ mọ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti sìn ín. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kò bá tí lè túmọ̀ Bíbélì bí kò bá kọ́kọ́ fi sùúrù gbọ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Ṣówándé fi irú sùúrù kan náà gbọ́ orin. Ibi tí ìwádìí rẹ̀ gbé e dé ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, Ọlọ́run tí ó dá etí ni yóò ṣe ìdájọ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ìyókù ìtàn náà kò gùn. Ní 1956, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ní 1957, ọdún tí ilé iṣẹ́ rédíò náà di Nigerian Broadcasting Corporation, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tẹ dùùrù fún wọn ní àwọn ìlú ńlá. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, ó kọ Folk Symphony, iṣẹ́ ńlá fún ẹgbẹ́ eléré tí ó pé, láti fi ṣàmì ọjọ́ náà. Ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ní 1968, ó lọ sí Howard University ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn èyí ó kọ́ni ní Pittsburgh, ó sì parí rẹ̀ sí Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio. Yunifásítì Ifẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ti ọlá ní 1972. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wá gbòǹgbò wọn ní àkókò náà ni ó kọ́ ní ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa. Eleanor McKinney, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá rédíò Pacifica sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni ìyàwó tí ó bá a gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú ní ìlú Ravenna, ní Ohio, ní oṣù kẹta ọdún 1987, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí ní ìtòsí, ó jìnnà sí Ẹ̀gbá, ó jìnnà sí Marina.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun kò fẹ́ ṣe ẹnjiníà mọ́, ẹ má ṣe yára sunkún. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kára nídìí ohun tí ó yàn. Ṣówándé kò pa ẹ̀kọ́ tì. Ó pa ọ̀kan tì, ó sì fi gbogbo agbára kọ́ èkejì títí ó fi dé òkè rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni ó ti di ẹni tí ń sọ̀rọ̀, lórí pẹpẹ, ní ilé ẹjọ́, ní kíláàsì, àní lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àgbà ṣì wà ní ilé tí a kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, foònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ jókòó tì wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, mo ti bẹ olùdarí yín pé kí a kọ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ Ṣówándé fún ìsìn ìdúpẹ́ àyájọ́ yìí. Mo sì ti bẹ onídùndún kan pé kí ó wá bá yín lù ú. Ìjókòó iwájú ni a ó fún un.

Kí Olúwa bù kún ilé ẹ̀kọ́ wa, kí Ó sì fún wa ní etí tí ń gbọ́. Àmín.